OGÚN INÚ Ẹ̀JẸ̀: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó Fẹ́ fi Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá Alààyè

Ní orúkọ Ọlọ́hun Ọba, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹlẹ́dàá gbogbo ayé, Ẹni tí ó dá ọmọ ènìyàn láti ara ohun tí ojú kò kà sí, tí ó sì fún un ní làákàyè láti fi wádìí ara rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Anábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ọmọ kan. A kò fún un ní orúkọ, nítorí àpẹẹrẹ ni; ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ọmọkùnrin ni, ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ìmọ̀ bayokẹ́místìrì ni ó ń kọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti fi í sí ilé-kéú. Ó ti parí Àlùkùránì, wọ́n ti ṣe wòlímà fún un, ó sì ti kàwé dé ibi ìmọ̀ ogún pípín tí àwọn àfáà ń pè ní farā’id. Ní ilé wọn, àbúrò rẹ̀ obìnrin ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní òru tí egungun bá ń ro ọmọbìnrin náà, kò sí ẹni tí ń sùn nínú ilé.

Ọmọ yìí wá sílé lákòókò ìsinmi, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tẹ̀síwájú nínú ìmọ̀ fífi kọ̀ǹpútà ka ohun tí a kọ sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Bàbá ní, “Ṣé dókítà ni wọn yóò máa pè ọ́?” Ọmọ ní, “Rárá, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ni n ó máa jókòó tì.” Bàbá mi orí, ó ní, “Àbúrò rẹ ń jẹ̀rora lórí ẹní, ìwọ ń wá ẹ̀rọ tí o ó jókòó tì.” Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tí ó wà níbẹ̀ sọ pé kádàrá Ọlọ́hun ni àìsàn náà, kí ọmọ má ṣe tọ́ iṣẹ́ Ọlọ́hun wò. Nígbà tí ó padà sí yunifásítì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní tirẹ̀ sọ fún un pé ìmọ̀ àwọn òyìnbó aláìgbàgbọ́ ni, kò sí ohun tí ó kan Mùsùlùmí níbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yìí. Bàbá ń bèèrè àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ń bèèrè bóyá ó tọ́. Ọ̀rẹ́ ń bèèrè ẹni tí ó ni ín. Kò sí ẹni burúkú nínú wọn, ìbéèrè wọn sì tó ohun tí ó yẹ kí a dáhùn. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìmọ̀ náà jẹ́.

KÍ NI ÌMỌ̀ NÁÀ?

Ara ènìyàn kún fún àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú ọ̀pọ̀ wọn ni Ọlọ́hun kọ ìwé kan sí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, C, G àti T. Ṣùgbọ́n bí a bá to àwọn lẹ́tà náà tẹ̀léra wọn, wọ́n tó bílíọ̀nù 3. Lẹ́tà inú Àlùkùránì lé ní 300,000, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti jókòó ní ilé-kéú ni ó mọ iye ọdún tí ọmọ fi ń há a sórí. Ìwé inú ara yìí gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 9,000. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kò ní àfiwé. Gígùn nìkan ni à ń sọ níhìn-ín. Bí ènìyàn bá jókòó tí ó ń ka lẹ́tà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, láìsùn, láìjẹun, yóò lo nǹkan bí ọdún 95 kí ó tó parí ìwé ẹnì kan ṣoṣo. Èyí ni ìdí tí a fi nílò kọ̀ǹpútà.

Ní ọdún 1953 ni James Watson àti Francis Crick ṣàlàyé bí DNA ṣe rí. Ní ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 2003 ni wọ́n kéde pé iṣẹ́ parí, síbẹ̀ àwọn apá kan wà tí kò ṣeé kà títí di ọdún 2022.

Ẹ rántí bí ọmọ kéú ṣe máa ń ka Àlùkùránì síwájú àfáà rẹ̀. Àfáà lè di ojú, kí ó jọ pé ó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo pààrọ̀ òmíràn, kíá ni àfáà yóò ní kí ó padà sẹ́yìn. Àfáà mọ̀ pé lẹ́tà kan lè yí ìtumọ̀ padà. Iṣẹ́ ìmọ̀ yìí jọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a fi ọgbọ́n ìṣirò kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe to ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn síbi kan, tí yóò sì rí ibi tí ìwé ẹnì kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bèèrè pé: kí ni ìyàtọ̀ yìí ń ṣe nínú ara?

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde jẹ́ àpẹẹrẹ tí kò jìnnà sí wa. Nínú bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, A kan ṣoṣo ni ó di T níbi tí a kọ ọ̀nà tí ara fi ń ṣe ohun tó ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí lẹ́tà kan yìí ni ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa fi ń tẹ̀ bíi dòjé, tí ó ń há sínú iṣan tóóró, tí ọmọ sì ń ké lóru.

ÌDÁHÙN FÚN BÀBÁ: ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀

Ní ọdún 1949 ni Linus Pauling àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà ẹ̀jẹ̀ gan-an ni àìsàn yìí ti wá. Ní nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn náà ni Vernon Ingram tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe náà wà. Ó gba ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀lé e ní oṣù kejìlá ọdún náà. Nínú ìtọ́jú yìí, wọn a mú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀, wọn a fi ohun kan tí ó ń ṣiṣẹ́ bí àlùmọ́gàjí gé ìwé inú rẹ̀ ní ojú kan pàtó, kí ara lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún máa ń ní, wọn a sì dá a padà sínú ara. Owó tí wọ́n kéde fún un ní Amẹ́ríkà ni mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún aláìsàn kan.

Nígbà náà, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àlùmọ́gàjí yẹn kò ní gé ibi tí kò yẹ nínú bílíọ̀nù 3 lẹ́tà? Ojú dókítà kò lè rí i. Ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ni ó ń wá a. Ní ìparí ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan gbé iṣẹ́ jáde tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n rí ìyàtọ̀ lẹ́tà kan tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ìran Áfíríkà, èyí tí ó lè mú kí irú àlùmọ́gàjí bẹ́ẹ̀ ṣi ibòmíràn gé. Wọn kò sọ pé ẹnikẹ́ni ti fara pa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí kò bá ka ìwé àwọn ènìyàn dúdú kò lè rí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ fi ọkàn bá èyí lọ. Àárín àwọn ènìyàn dúdú ni àìsàn yìí ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìwé ara àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwádìí. Bí oògùn bá dé tí a fi ara ẹlòmíràn dán wò, ta ni yóò sọ bóyá ó bá ara ọmọbìnrin tó wà lórí ẹní yẹn mu? Bàbá rò pé ọmọ òun ń sá kúrò nídìí ẹní àbúrò rẹ̀ ni. Ní òtítọ́, ìdí ẹní yẹn gan-an ni ó ń lọ, bí ó tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Dókítà a máa tọ́jú ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ka ẹ̀jẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò ní rí láéláé. Èyí àti ìyẹn, iṣẹ́ àánú ni.

ÌDÁHÙN FÚN Ẹ̀GBỌ́N BÀBÁ: KÁDÀRÁ

Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá wà lára òpó ìmọ́nì, kò sì sí Mùsùlùmí tí ó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kádàrá kì í ṣe àkéte tí a ń sùn lé. Ní ìgbà ayé Kálífà ‘Umar, nígbà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níbẹ̀, ó sì pinnu láti ṣẹ́rí padà. Abū ‘Ubaydah, sàábé ńlá, bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. ‘Umar dá a lóhùn pé inú kádàrá kan náà ni òun ń sá sí: bí ìlú náà ṣe jẹ́ kádàrá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ó lọ kúrò níbẹ̀. Anábì wa (SAW) fúnra rẹ̀ pàṣẹ kí aláìsàn máa wá ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ jẹnótáìpù yẹ kí ó ti kọ́ wa ní èyí. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ AS, nígbàkígbà tí oyún bá dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ lẹ́mọ́mù fi ń bèèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Lẹ́mọ́mù tí ó bèèrè rẹ̀ kò bá kádàrá jà. Ìmọ̀ ni ó lò.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù obìnrin àgbà yẹn ní ọgbọ́n nínú, kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ìdá kan nínú mẹ́rin kì í ṣe ìmọ̀ kọ̀kọ̀. Kọ̀ǹpútà lè sọ ohun tí ó ṣeé ṣe. Kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan pàtó lọ́la. Ìmọ̀ ohun ìkọ̀kọ̀, ti Ọlọ́hun nìkan ni. Onímọ̀ tí ó bá gbàgbé èyí ti sún mọ́ iṣẹ́ aláfọ̀ṣẹ, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ funfun.

ÌDÁHÙN FÚN Ọ̀RẸ́: TA NI Ó NI ÌMỌ̀ NÁÀ?

Sūratun-Nisā’ ni Ọlọ́hun ti la ìpín ogún sílẹ̀: ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́jọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ti pín ogún fún ìyàwó, ìyá, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin rí mọ̀ pé ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Ní ìlú Bàgídáàdì, ní àkókò Kálífà al-Ma’mūn tí ó jọba láti ọdún 813 sí 833, Muhammad ibn Mūsā al-Khwārizmī kọ ìwé kan lórí al-jabr. Apá tí ó pọ̀ nínú ìwé náà jẹ́ ìṣirò lórí ìwé ìpínlẹ̀-ogún àti ogún pípín, kí àwọn adájọ́ àti àwọn Mùsùlùmí lè mú àṣẹ Ọlọ́hun ṣẹ láìsí ìrẹ́jẹ. Láti ara orúkọ ìwé yẹn ni ayé ti rí ọ̀rọ̀ algebra. Láti ara orúkọ òun fúnra rẹ̀, bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń pè é, ni wọ́n ti rí algorithm, orúkọ tí a ń pe ètò ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀.

Ọmọ wa yìí ti kọ́ farā’id ní ilé-kéú. Ohun tí ó fẹ́ kọ́ báyìí, ogún náà ni. Lẹ́tà inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ogún tí ọmọ ń gbà, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Báwo ni a ó ṣe wá sọ pé ìmọ̀ àjèjì ni? Ní Íjíbítì, Ibn al-Nafīs, tí ó kú ní ọdún 1288, jẹ́ oníṣègùn, ó sì jẹ́ onímọ̀ fíkíhì lórí ọ̀nà Imāmu Ṣāfi‘ī. Òun ni ó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láti apá kan ọkàn lọ sí apá kejì. Kò rí ìjà láàrin ìwé fíkíhì àti ìwé ìṣègùn.

Ṣùgbọ́n yíyangàn nípa àwọn tí ó ti lọ kò sọ ẹnikẹ́ni di onímọ̀. Ìbéèrè tó kù ni ipò tí a wà lónìí. Ní ọdún 2002 ni iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2005. Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní ibi mẹ́rin lágbàáyé. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Ìbàdàn, ọgbọ̀n ìdílé: bàbá, ìyá àti ọmọ. Ní ọdún 2008, wọ́n tẹ ìwé ara ọkùnrin Yorùbá kan láti Ìbàdàn jáde, láìdárúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé ń fi ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kọ́ṣẹ́. Ìwé wa ni wọ́n ń kà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó lè kà á?

Àwọn kan wà tí ó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ kọ́ bayokẹ́místìrì ní Yunifásítì Benin, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ HapMap. Ní ọdún 2018, òun àti Daniel Shriner fi kọ̀ǹpútà yẹ ìwé ara ènìyàn tí ó lé ní 2,900 wò, láti Áfíríkà, Kátà àti ibòmíràn, wọ́n sì rí 156 tí ó gbé lẹ́tà fòníkú-fọ̀ladìde. Ìṣirò wọn fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lẹ́tà náà yí padà, ní ara ẹnì kan, ní Áfíríkà, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn, àti pé láti ara ẹni yẹn ni ó ti tàn kálẹ̀. Àbúrò ọmọ wa lórí ẹní, àti ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí ó ń jẹ irú ìrora kan náà, ogún kan náà ni wọ́n jọ jẹ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ní oṣù kẹta ọdún 2020, ibùdó ìwádìí tí ó wà ní Redeemer’s University ní Ẹdẹ, tí Christian Happi jẹ́ olórí rẹ̀, ka ìwé kòkòrò àrùn Kòrónà tí ó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Covenant University ní Ọ̀tà náà ní ibùdó fún ìmọ̀ yìí. Àwọn ìjọ Kristẹni ni ó dá yunifásítì méjèèjì sílẹ̀. Kí a yìn wọ́n fún iṣẹ́ rere, nítorí kòkòrò tí wọ́n kà kò bèèrè ẹ̀sìn kí ó tó mú ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí náà ti dá Al-Hikmah sílẹ̀ ní Ìlọrin, Crescent ní Abẹ́òkúta, àti Fountain ní Òṣogbo. Ilé ti wà. Ọmọ tí yóò kún un ni ó yẹ kí a tọ́.

ÌMỌ̀RÀN FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Ekínní: kí ó má ṣe sá fún ìṣirò. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ ẹ̀dá ṣùgbọ́n tí ó kórìíra ìṣirò kò lè dé ibẹ̀. Kí ó kọ́ ìmọ̀ statistics, kí ó sì kọ́ èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Python àti R ni àwọn onímọ̀ yìí ń lò jù.

Ekejì: kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí yóò lọ sí òkè òkun. Ìwé ara àwọn ará Ìbàdàn àti ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà.

Ẹkẹta: kí ó mọ̀ pé àmọ́nà ni ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. A kì í lò ó láìgba àṣẹ, a kì í sì tú àṣírí inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹnótáìpù tí a sọ níta lè fọ́ ilé. Ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí.

Ẹkẹrin: yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa orísun ẹ̀dá nínú kíláàsì tí yóò mú ìbéèrè wá sí ọkàn rẹ̀. Kí ó kọ́ ohun tí a kọ́ ọ dáadáa, kí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a fojú rí àti ìtumọ̀ tí ènìyàn fún un, kí ó sì gbé ìbéèrè rẹ̀ wá síwájú àfáà tí ó ní sùúrù. Àfáà tí ó bá sì lé e dànù nítorí ìbéèrè ti ṣẹ̀.

Ẹkarùn-ún: ìrun wákàtí márùn-ún. Kọ̀ǹpútà lè dúró. Kò ní bínú.

Ní ti àwọn ìjọ, ọ̀rọ̀ kò yẹ kí ó parí sí àdúà nìkan. Mọ́ṣáláṣí tí ó ní yàrá kan tí kò lò, tí ó lè fi iná oòrùn sí i, kí ó ṣí i fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Kí àwọn olówó ìjọ fi sàráà wọn ra ẹ̀rọ fún ọmọ tí ó ní ọgbọ́n ṣùgbọ́n tí kò ní agbára. Àìmọ́lẹ̀ àti àìrówó ra dátà ni ó ń dí ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, kì í ṣe àìlọ́gbọ́n.

Bàbá ọmọ yẹn bèèrè bóyá dókítà ni wọn yóò máa pe ọmọ òun. Ìbéèrè kan wà tí ó dára jù ú lọ, òun sì ni ó yẹ kí gbogbo òbí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kúnlẹ̀ síwájú wọn máa bèèrè: “Kí ni o nílò, ọmọ mi, kí o lè ṣe é dáadáa?”

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní. Kí Ó fún àwọn aláìsàn inú ilé wa ní ìwòsàn. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ogún ìmọ̀ tí àwọn ẹni ìṣáájú fi sílẹ̀ parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.